Àlejò Nínú Ilé Iṣẹ́: Ṣé Ìríran Lásán Tó?

Àwọn àgbà a máa sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èébú kọ́ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí bú àlejò. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ojú nìkan kò tó fún ìmọ̀. Ẹni tí ó wọ ìlú Ìjẹ̀bú-Òde fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rí ọjà, yóò rí òpópónà, yóò sì rí ilé lóríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n kò ní mọ ilé tí ó jẹ́ ti olóyè, kò ní mọ ibi tí a kì í wọ bàtà kọjá, kò sì ní mọ ìdí tí obìnrin arúgbó kan fi jókòó sí ẹnu ọ̀nà kan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ohun gbogbo ni ojú rẹ̀ rí, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan.

Ní ayé òde òní, ìríran àlejò ti di òwò ńlá. Ní ìlú Dublin, olú-ìlú Írẹ́lándì, ilé alájà méje kan wà tí wọ́n ń pè ní Guinness Storehouse. Ọdún 1759 ni Arthur Guinness gba ilẹ̀ kan ní St James's Gate ní ìlú náà láti máa pọn ọtí níbẹ̀. Ìwé àdéhùn tí ó tọwọ́ bọ̀ sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún ni yóò fi lo ilẹ̀ náà, pọ́n-ùn márùndínláàádọ́ta ni yóò sì máa san lọ́dọọdún. Ilé tí a ń sọ yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n kọ́ ọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹ́ kí ọtí náà kan títí di 1988. Ní ọdún 2000 wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Àlejò yóò san owó ní ẹnu ọ̀nà, yóò rí ọkà báálì, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò gbọ́ ìtàn omi àti ti ìwúkàrà, yóò gun òkè lọ sí àjà tí ó ga jù lọ, wọn yóò sì bu ife ọtí kan fún un kí ó máa wo ìlú Dublin láti inú dígí.

Kì í ṣe Dublin nìkan. Ní Amsterdam, ní ilẹ̀ Họ́lándì, ilé ìpọntí Heineken tí wọ́n kọ́ ní 1867 kò pọn ọtí mọ́ láti 1988. Àlejò ni ó ń gbà báyìí. Ní Bournville, ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣí ilé àfihàn tí wọ́n ń pè ní Cadbury World ní 1990, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ṣokoléètì. Ọmọ Yorùbá tí ó lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lè kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi. Wọn yóò wò, wọn yóò jẹ, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò sì padà sílé.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe ìran wò? Bí ó bá tọ́, ǹjẹ́ àlejò jẹ ẹni tí ó ń wò ní gbèsè kankan lẹ́yìn owó tí ó san ní ẹnu ọ̀nà?

Àwọn kan yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ rárá. Wọn yóò ní ìwòran kì í gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kò dúró nítorí pé àlejò ń wò ó, ọtí kò sì bàjẹ́ nínú àgbá nítorí pé ojú wà lára rẹ̀. Wọn yóò tún sọ pé ẹ̀kọ́ ni ìrìn-àjò, wọn yóò sì fi òwe gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ pé ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ ní Dublin yóò mọ̀ pé a ó kọ́kọ́ rẹ ọkà sínú omi títí yóò fi hù, pé a ó yan án kí híhù náà lè dúró, pé a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó fi òdòdó kíkorò kan sí i, a ó sì fi ìwúkàrà sí i kí ó lè kan. Ìgbà náà ni yóò rántí, bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ó gbọ́n, pé ọgbọ́n kan náà ni àwọn ìyá àgbà fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: àwọn náà a máa rẹ àgbàdo títí yóò fi hù, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó sè é. Ìrìn-àjò ló ṣí i lójú sí ohun tí ó fi sílẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn tó, kò tíì dáhùn ìbéèrè náà tán. Pé ohun kan ṣe àlejò ní àǹfààní kò fi hàn pé ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Olè pàápàá a máa rí àǹfààní. Nítorí náà, ó yẹ kí a béèrè ibi tí ẹ̀tọ́ àlejò láti wo iṣẹ́ ẹlòmíràn ti wá.

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti ní ìtàn tó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kí ó tó di 1892, àwọn Ìjẹ̀bú kò fi àyè gba àjèjì láti máa la ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù ú. Àárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè ni wọ́n wà. Ọjà tí ó bá ti Èkó bọ̀, ọwọ́ wọn ni yóò gbà kí ó tó dé Ìbàdàn. Ọjà tí ó bá sì ti òkè bọ̀, ọwọ́ wọn náà ni yóò gbà kí ó tó dé etí ọ̀sà. Ní àwọn ọjà bí Ẹ̀jìnrìn ni aláwọ̀ funfun àti ará Èkó ti ń bá wọn ṣòwò. Kò sí ẹni tí í fa àlejò wọ ilé láti wo bí a ti ń ṣe é. Òkìkí ìlú náà kàn débi pé àwọn ará ìta ń sọ ọ́ pé àjèjì kì í wọ Ìjẹ̀bú-Òde kí ó padà lálàáfíà. Ní oṣù karùn-ún 1891, adelé gómìnà Èkó, Denton, wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Wọn kò gbà á bí ó ti retí. Ní oṣù kìíní 1892 wọ́n ṣe àdéhùn kan ní Èkó pé wọn yóò ṣí ọ̀nà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn lọ́dún fún Awùjalẹ̀ dípò owó oníbodè. Àdéhùn náà kò dúró. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìbọn ni ó ṣí ọ̀nà náà ní Ìmàgbọ̀n.

Ẹ̀kọ́ méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n takora ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkínní ni pé ẹni tí ó fi ìbọn ṣílẹ̀kùn kì í ṣe àlejò. Àlejò ni ẹni tí onílé ní kí ó wọlé. Ẹ̀tọ́ ìwòran kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wò. Ọwọ́ ẹni tí a ń wò ni ó wà, òun ni ó sì lè fún ni. Èkejì ni pé onílé náà kò lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ láìbèèrè ohun tí ìlẹ̀kùn títì náà ń ṣe fún aládùúgbò. Àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ òkè nílò iyọ̀, wọ́n nílò aṣọ, wọ́n sì nílò ọ̀nà tí wọn yóò fi kó epo àti èkùrọ́ wọn dé etí omi. Ìlẹ̀kùn tí ó dáàbò bo ará ilé ni ó há aládùúgbò mọ́. Onílé lè fi àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fi ìnira tí iṣẹ́ náà ń mú bá ẹlòmíràn pamọ́. Àṣírí ọ̀tọ̀, àbòsí ọ̀tọ̀.

Bí a bá gbà pé onílé ni ó ní ẹ̀tọ́ láti fún àlejò láyè, ìbéèrè mìíràn dìde: ta ni onílé nínú ilé iṣẹ́ ńlá? Nínú ilé alára òkè ní Ìjẹ̀bú, ìdáhùn rẹ̀ kò le. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń hun aṣọ olónà lórí òfì ìdúró ni wọ́n ni òfì, àwọn ni wọ́n ni òwú, àwọn ni wọ́n ni ọgbọ́n orí wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo bí a ti ń kó ọnà sára ìtagbè, ọwọ́ wọn ni yóò ti gba àyè. Àwọn kan náà ni wọn yóò sọ fún un pé òun lè wo híhun rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ohun tí àwọn Òṣùgbó ń fi ṣe nínú ilédì kì í ṣe ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì ń wò. Àyè ní ààlà, onílé ni ó sì pa ààlà náà.

Nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí ó ń gba owó àlejò ní ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ẹni tí àlejò ń wò. Ọ̀gá ni ó fún àlejò láyè. Òṣìṣẹ́ ni ojú ń bọ̀ lára. Ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa fi ọwọ́ tọ́ka sí òun láti ẹ̀yìn dígí. Ohun tí ó rú ojú ènìyàn níbẹ̀ nìyí. Ìwòran náà lè má gé e lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè sọ ọ́ di ara ẹ̀rọ.

Àṣà Yorùbá mọ ewu yìí láti ìgbà pípẹ́, ó sì ní oògùn rẹ̀. Oògùn náà ni ìkíni. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í kọjá lára ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Kì í sì í ṣe ìkíni kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo iṣẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ń roko, wọn a ní àrokò bọ́dún dé. Aláró tí ó ń rẹ aṣọ, wọn a ní àrẹ̀dú. Onídìrí, wọn a ní ojú gbooro. Ìyálọ́jà tí ó pàtẹ, wọn a ní ajé á wọgbá. Ẹni tí kò mọ ti iṣẹ́ kan pàtó yóò kúkú sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Bí a bá wo ìkíni wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi hàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé àrẹ̀dú ni a ń kí aláró ti mọ ohun tí aláró ń fẹ́, pé kí aró rẹ̀ dú. Ó ti fi àdúrà kan ara rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tí a kí yóò sì dáhùn. Ní ojú kan náà, ẹni tí a ń wò di ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀wò ilé iṣẹ́ ńlá gba ìkíni yìí lọ́wọ́ àlejò. Dígí wà láàárín. Ariwo ẹ̀rọ wà. Afinimọ̀nà ń yára. Àlejò kò lè kí òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ kò sì lè dá àlejò lóhùn. Kò sí ẹni tí ó hu ìwà burúkú nínú àwọn méjèèjì. Bí a ti ṣètò ìbẹ̀wò náà ni ó yà wọ́n nípá. Ohun tí ó kù fún àlejò tí ó ní ìwà ni láti wá ohun tí yóò dúró fún ìkíni náà.

Kí a tó sọ ohun tí ó lè jẹ́, ó yẹ kí a wo ohun tí wọ́n ń fi han àlejò gan-an. Gbogbo ilé ni ó ní ojúde, gbogbo ilé ni ó sì ní ẹ̀yìnkùlé. Ojúde ni a ń gbá fún àlejò. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò, ibẹ̀ ni ààtàn, ibẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì wẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bú onílé nítorí pé ó gbá ojúde. Ìjẹ̀bú mọ iyì ojúde dé ibi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọdún tí ó tóbi jù lọ láàárín wọn: ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin a máa wọ aṣọ tí ó ń dán, wọn a sì lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba. Ní 2024, fọ́tò àjọ̀dún náà tàn ká ayé débi pé àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú rí bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ibi tí ó wà. Irọ́ kọ́ ni ojúde. Ẹwà tí àwọn ènìyàn náà fẹ́ kí a rí ni.

Irọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àlejò bá pe ojúde ní gbogbo ilé. Ilé tí wọ́n ń fi hàn ní Dublin àti ní Amsterdam, wọn kò pọn ọtí tí ayé ń mu níbẹ̀ mọ́ láti 1988. Ìtàn iṣẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Iṣẹ́ gan-an wà ní ibòmíràn. Ní Bournville pẹ̀lú, ilé àfihàn ni àlejò ń wọ̀, kì í ṣe ibi tí a ti ń po ṣokoléètì tí a ń tà. Bí ó tilẹ̀ wọ inú ilé iṣẹ́ náà, kò tíì rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Oko ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Oǹdó ni ó ń la èso, tí ó ń kó hóró inú rẹ̀ jọ, tí ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí ó lè kan, kí ó tó sá a sí oòrùn. Kòkó tí a kò bá bò dáadáa, kò sí ẹ̀rọ kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè fi adùn náà sí i. Àlejò tí ó la ṣokoléètì ní Birmingham ti jẹ ọgbọ́n ọwọ́ àgbẹ̀ tí kò rí. Ẹ̀yìnkùlé ilé iṣẹ́ náà ti Birmingham dé ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìtàn ilé iṣẹ́ Cadbury fúnra rẹ̀ fi hàn bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ti lè wúwo tó. Àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, wọ́n sì fẹ́ràn òṣìṣẹ́ wọn. Ní 1879 wọ́n kó ilé iṣẹ́ kúrò láàárín ìlú lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, wọ́n sì kọ́ ilé dáradára fún àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ọgbà àti pápá ìṣeré. Ojúde wọn dára, òtítọ́ sì ni. Ní 1901 William Cadbury gbọ́ pé àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó àwọn Pọtogí ní erékùṣù São Tomé, tí wọ́n ti ń ra kòkó, jẹ́ ẹni tí a kó láti Àǹgólà tí a sì ń lò bí ẹrú. Wọn kò dákẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò yára. Ní 1905 wọ́n rán Joseph Burtt lọ wo ibẹ̀. Ní 1908 William Cadbury fúnra rẹ̀ lọ. Oṣù kẹta 1909 ni wọ́n tó kéde pé àwọn kò ní ra kòkó São Tomé mọ́. Ní ìparí ọdún náà ni ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n pe ìwé ìròyìn kan tí ó fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá wọn láre, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí wọ́n ní kí a san fún wọn kò tó kọ́bọ̀ kan ayé ìgbà náà. Ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́bọ̀ ni.

Ìdájọ́ yẹn yẹ kí ọmọ ènìyàn ronú lé lórí. Wọ́n gbà pé ìwé ìròyìn náà ṣẹ̀. Wọ́n sì fi ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ sọ pé ẹni tí ó jàre náà kò mọ́ tán. Kí ni ó fà á? Kì í ṣe pé wọn kò rí. Wọ́n rí ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn ni wọ́n rán ènìyàn, àwọn ni wọ́n lọ. Ọdún mẹ́jọ tí ó wà láàárín gbígbọ́ àti ṣíṣe ni ó dá wọn lẹ́bi. Nínú ọdún mẹ́jọ náà, wọ́n ń rà á, wọ́n sì ń tà á. A lè sọ pé wọ́n fẹ́ ní ẹ̀rí tí ó dájú kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀, ìyẹn náà sì mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú oko náà kò lè fi ẹ̀rí tí a ń wá kiri sinmi. Bí ojú bá ti rí, gbèsè ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí a fi ń pẹ́ lórí rẹ̀, èlé ni ó ń gorí rẹ̀.

Ẹnìkan lè ṣàtakò níhìn-ín pé ẹrù yìí pọ̀ jù fún ẹni tí ó kàn lọ ṣe ìsinmi. Olùkọ́ tí ó fi owó oṣù rẹ̀ jọ láti lọ rí Dublin fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣé òun ni yóò tún ilé ayé ṣe? Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí agbára ẹni ti tó ni gbèsè ẹni ti tó. Ilé iṣẹ́ tí ó ń ra kòkó ní àpò rẹpẹtẹ lè yí ọjà padà. Ọmọ tí ó ra ṣokoléètì ẹyọ kan kò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè béèrè ọ̀rọ̀. Àlejò lè bi afinimọ̀nà pé: níbo ni ẹ ti ń ra ọkà? Ta ni ó gbìn ín? Èló ni ó ń gbà? Ìbéèrè yìí ni ó lè dúró ní ipò ìkíni tí dígí gbà lọ. Bí àrẹ̀dú ti ń fi hàn pé ẹni tí ń kí ni mọ ohun tí iṣẹ́ aláró jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè rere ń fi hàn pé àlejò mọ̀ pé ènìyàn wà nídìí ohun tí òun ń wò.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta àwọn olùkọ́ jù lọ kì í ṣe òkè òkun. Ilé ni. Ilé ẹ̀kọ́ a máa kó ọmọ lọ wo ilé ìpọntí ní Ìkẹjà, ibi tí Guinness yàn ní 1962 fún ilé ìpọntí rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Írẹ́lándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A máa kó wọn lọ wo Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, kí wọ́n lè rí àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan náà, lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ìjẹ̀bú, a máa kọjá lára ahéré tí àwọn obìnrin ti ń ṣe gàárì, wọn kì í sì yà síbẹ̀. Èéfín ni wọ́n rí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìmọ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìmọ̀ ni. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírin rẹ̀, dídì í sínú àpò fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó lè kan, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan án lórí iná, àwọn ni ó ń lé májèlé náà lọ. Ọjọ́ tí gàárì Ìjẹ̀bú fi ń pẹ́ nínú àpò ni ó fún un ní kíkan tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí ó mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí a tú àpò, tí ó fi ọwọ́ mọ ìwọ̀n iná, kò kéré sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ìwọ̀n ìwúkàrà ní Dublin. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó báálì wọlé ní 1988, àwọn ilé ìpọntí ńlá ní láti yí padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ọkà tí àwọn ìyá ní ilẹ̀ yìí ti fi ń pọn ọtí tipẹ́tipẹ́ kí ilé ìpọntí kankan tó dé. Ohun tí a kọ̀ láti wò nílé ni ọ̀ràn lé wọn padà sí.

Láti ibí yìí ni a ti rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe pé ènìyàn ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni pé ó ń yan èyí tí yóò wò. Ó ń sanwó láti wo iṣẹ́ tí a ti fọ̀ mọ́, tí a tan iná sí, tí a fi dígí bò. Ó sì ń di imú kọjá lára iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí a kọ́ pé iṣẹ́ tí ó ní dígí nìkan ni ó yẹ ní wíwò, a ti kọ́ ọ láti tijú ìyá rẹ̀.

Kò sì ní dára kí a tìtorí èyí sọ ahéré gàárì di ibi ìran. Bí olùkọ́ bá kó ogójì ọmọ lọ bá obìnrin tí ó ń yan gàárì láìgba àyè, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ nínú èéfín, ohun tí a dá lẹ́bi ní ẹ̀yìn dígí ni wọ́n tún ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé níhìn-ín kò sí dígí. Wọ́n lè kí i. Wọ́n lè sọ pé, ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ yín. Ó lè gbà, ó lè kọ̀; ó lè ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn nítorí pé ọwọ́ òun dí. Bí ó bá gbà wọ́n, ó yẹ kí wọ́n ra gàárì rẹ̀ ní iye tí ó pè é. Ẹni tí kò jẹ́ ná owó ẹnu ọ̀nà ní Dublin kò yẹ kí ó máa ná ìyá náà lówó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní àkótán, ìwòran kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó tí a san ní ẹnu ọ̀nà, onílé ni ó gbà á. Gbèsè ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà san án: kí a gba àyè, kí a sì kí ẹni tí a ń wò níbi tí a bá ti lè kí i, kí a béèrè ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n bá ti fi ojúde hàn wá, kí a sì ṣe ohun tí agbára wa ká lórí ohun tí a bá rí, láìjẹ́ kí ọdún mẹ́jọ gorí rẹ̀. Àlejò tí ó ṣe èyí kò ní pẹ́ di ẹni tí ń ríran. Bí ó bá sì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó tún kọjá lára ahéré ojú ọ̀nà tí ó ti ń kọjá láti kékeré, ó ṣeé ṣe kí ó dúró, kí ó sì sọ pé: ẹ kú iṣẹ́ o.